Ohun Tí Oòrùn, Èéfín àti Ọtí Ń Ṣe sí Ewé

Ewé ewúro tí wọ́n já láàárọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Effurun, tí wọ́n dì ní ìdì tí wọ́n sì gbé lọ sí ọjà Igbudu ní Warri, kì í ṣe ewé kan náà mọ́ bí oòrùn bá fi máa wọ̀. Ibi tí okùn ti fún un á ti dúdú. Ibi tí èékánná ẹni tó já a ti tẹ̀ ẹ́ á ti rí bí ibi tí iná rà. Ara ewé tó kù á ṣì tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n àyípadà ti bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fínọ́ọ̀lì. Àwọn èròjà yìí wà lára ohun tó ń mú orógbó korò. Àwọn ni wọ́n fún òdòdó iṣápá ní àwọ̀ pupa, àwọn ni wọ́n ń ta sánsán nínú efinrin, àwọn náà ni wọ́n ń ta ahọ́n nínú atalẹ̀ àti atare. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sá ewé, àti ohun tí wọ́n fi fa oje rẹ̀ jáde, ló ń pinnu iye wọn tí yóò dé inú ife.

Fínọ́ọ̀lì kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, ìdílé ńlá ni. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni òrùka kan tí kábọ́ọ̀nù mẹ́fà di ọwọ́ ara wọn mú láti ṣe, tí ọ́síjìn kan tó gbé háídírójìn kan dání sì rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan kéré, bíi caffeic acid àti gallic acid. Àwọn kan ní òrùka tó ju ọ̀kan lọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní flavonoid. Àwọn kan sì tóbi, bíi tannin, èyí tó máa ń mú ahọ́n gbẹ kó sì súnkì nígbà tí ọmọdé bá bu gúáfà tí kò tíì pọ́n jẹ. Irú wọn tí àwọn onímọ̀ ti dá mọ̀ lára ewéko lé ní 8,000. Igi kò tìtorí ènìyàn ṣe wọ́n. Ó ń fi wọ́n lé kòkòrò, ó ń fi wọ́n dènà olú àti àrùn, ó sì ń fi wọ́n ṣe agbòòrùn fún ara rẹ̀.

Ohun tó mú wọn wúlò ni pé wọn kì í pẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù fún èròjà tó bá ń wá a kiri. Bí wọ́n ti ń jọ̀wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gba òróró, ẹran àti sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́, àwọn fúnra wọn sì ń tán lọ. Nítorí náà ni afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀, ooru àti irin fi tètè ń rí wọn mú. Ó tún yẹ kí èyí yé gbogbo ènìyàn: pé ewé kan ní fínọ́ọ̀lì púpọ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò kò sọ pé yóò wo àrùn kan sàn. Díẹ̀ nínú ohun tí ènìyàn gbé mì ni ìfun ń gbà wọlé, ẹ̀dọ̀ sì tún ń yí èyí tó bá wọlé padà. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ níbí kò ju ti bí ohun tó wà nínú ewé ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ lò ó láìṣòfò sójú ọ̀nà.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ wà nínú ewé fúnra rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewé tútù, àpò omi kan ni fínọ́ọ̀lì ń gbé. Ní yàrá mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà, níbi tí àwọ̀ ewé wà, ni ẹ́ńsáìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní polyphenol oxidase. Bí ewé bá ṣì wà lórí igi tí kò fara pa, àwọn méjèèjì kì í pàdé. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n gé e, tàbí tí ó rọ tí ògiri inú rẹ̀ já, wọ́n á pàdé, afẹ́fẹ́ á sì dá sí i. Ẹ́ńsáìmù yẹn á gbá fínọ́ọ̀lì mú, á sọ ọ́ di ohun mìíràn, ohun mìíràn yẹn á máa so mọ́ra wọn títí yóò fi di àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú. Bí iṣu tí wọ́n bó sílẹ̀ láìrẹ ẹ́ sómi ṣe ń dúdú náà nìyẹn, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n jù mọ́lẹ̀ náà ṣe ń ní ọgbẹ́ dúdú lábẹ́ èèpo nìyẹn.

Ẹ́ńsáìmù yìí fẹ́ràn ooru ilẹ̀ wa. Láàárín 25 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni ara rẹ̀ ti máa ń yá jù nínú ọ̀pọ̀ ewé. Ohun méjì ló lè dá a dúró: kí omi tán nínú ewé, nítorí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí omi, tàbí kí ooru tó súnmọ́ 90 bà á fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta. Bí ewé bá pẹ́ kó tó gbẹ, ẹ́ńsáìmù náà ní àyè láti ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn.

Ibí yìí ni Warri ti ní ìṣòro tirẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan lé ní mílímítà 2,500, ìyẹn súnmọ́ ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Odò àti ẹrẹ̀ yí ìlú náà ká, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í gùn, ọyẹ́ sì máa ń kàn yọjú ni, kì í jókòó bó ti ń jókòó ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin. Ní oṣù keje, aṣọ tí wọ́n sá sábẹ́ ilé lè lo ọjọ́ mẹ́ta kó má gbẹ, kó sì máa rùn. Ewé tí wọ́n dà jọ lé ẹní lórí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà ni inú òkìtì rẹ̀ á móoru, àwọ̀ rẹ̀ á sì di ti tábà. Bí ó bá fi máa pé ọjọ́ kẹrin, ó lè ti bu. Ẹni tó bá ka ìwé tó ní kí wọ́n sá ewé sí ibòji fún ọjọ́ méje, tó sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu ní Warri láàárín òjò, yóò kó ewé tí ẹ́ńsáìmù àti olú ti jẹ tán. Ìwé náà kò purọ́. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ ni wọ́n ti kọ ọ́.

Àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá, nítorí náà ni wọ́n ṣe gbára lé iná. Lókè ààrò ni Urhobo, Ìṣẹ̀kírì àti Ìjọ ń gbé àjà ẹja sí, ibẹ̀ náà sì ni èso, ewé àti egbò tí wọ́n fẹ́ tọ́jú máa ń gbà kọjá. Ewé gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní beletientien, tó ń ta òórùn nínú ọbẹ̀ ẹyìn tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí banga, wà lára ohun tí ènìyàn kì í ṣaláìrí lórí àtẹ níbẹ̀. Àjà ààrò ní àǹfààní gidi: ooru rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró nítorí pé òjò ń rọ̀, ọjọ́ kan tàbí méjì ló sì máa ń gbà dípò ọ̀sẹ̀ kan. Àléébù rẹ̀ ni èéfín. Fínọ́ọ̀lì wà nínú èéfín igi pàápàá, àwọn sì ni wọ́n ń fún ẹja yíyan ní òórùn, ṣùgbọ́n èéfín náà tún ń gbé àwọn èròjà inú ẹ̀ẹ́dú tó lè fa jẹjẹrẹ wá. Ewé sì fẹ̀, ó sì tín-ínrín, nítorí náà ó ń gbà nínú rẹ̀ ju ẹja lọ.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti agbègbè epo rọ̀bì nìkan. Ní Afiesere, lẹ́bàá Ughelli, àwọn obìnrin Urhobo máa ń tẹ́ gààrí kpokpo síwájú iná gáàsì tí wọ́n ń sun lọ́sàn-án lóru ní ibùdó epo, kí ooru rẹ̀ lè gbẹ ẹ́. Ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, Ed Kashi, ya iṣẹ́ wọn, àwọn àwòrán rẹ̀ láti agbègbè Niger Delta sì jáde nínú ìwé kan ní 2008. Ooru ọ̀fẹ́ ni, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn tí ìjọba kò fún ní iná mànàmáná rí ìlò fún un. Ṣùgbọ́n fún ewé, ìparun ni. Kò sí ẹni tó lè dín in kù sí 50, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára, ẹ̀ẹ́dú rẹ̀ sì ń bà lé ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Sísá ewé sí etí títì ọlọ́dà náà kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀: ọ̀dà ń gbóná, ọkọ̀ ń kọjá, eruku táyà sì ń bọ́ sínú ewé.

Oòrùn gbangba fúnra rẹ̀ ń ṣe rere, ó sì ń ṣe ibi. Ó ń gbẹ ewé kíákíá, èyí sì ń gé ọwọ́ ẹ́ńsáìmù kúrú. Ṣùgbọ́n ìtànṣán rẹ̀ tí ojú kò rí ń fọ́ ọ̀pọ̀ flavonoid, pàápàá nígbà tí ewé bá ti ń gbẹ tí kò tún ní agbára láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ewé tí wọ́n sá sóòrùn títí tó fi di aláwọ̀ koríko gbígbẹ ti pàdánù ohun tó ju àwọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ibòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá fi sàn jù níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ. Àpótí tí wọ́n kun inú rẹ̀ ní dúdú, tí wọ́n na àwọ̀n sínú rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ihò sí ìsàlẹ̀ àti sókè rẹ̀, ń so oore méjèèjì pọ̀: oòrùn á mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè, ewé á wà nínú òkùnkùn. Nínú ẹ̀rọ iléeṣẹ́, ooru láàárín 40 sí 60 ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ewé. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń sọ ewé di yìnyín kó tó fa omi rẹ̀ lọ láìjẹ́ kó yọ́. Òun ló ń tọ́jú fínọ́ọ̀lì dáadáa jù nínú ọ̀pọ̀ ewéko, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára ẹlẹ́wé ọmọ àti lẹ́kulẹ́ja.

Nǹkan kan wà tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Nínú àyẹ̀wò kan, ewé tí wọ́n fi ooru gbẹ lè fi fínọ́ọ̀lì hàn ju ewé tútù lọ. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ooru ń fọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì, ó ń tú fínọ́ọ̀lì tó so mọ́ ògiri yẹn sílẹ̀, ó sì ń pa ẹ́ńsáìmù. Nígbà mìíràn ìṣirò ni kò pé. Ká ní ewé tútù 1,000 gíráàmù ní omi 80 nínú ọgọ́rùn-ún: 200 gíráàmù péré ni ara rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá gbẹ ẹ́ títí omi fi kù 10 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò ku nǹkan bí 222 gíráàmù. Bí gíráàmù kan nínú ewé gbígbẹ bá wá ní ìlọ́po mẹ́rin fínọ́ọ̀lì tó wà nínú gíráàmù ewé tútù, ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ á ní ó ti pọ̀ sí i. Kò pọ̀ sí i. Ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ ló yẹ kó jẹ́ bí ohunkóhun kò bá sọnù, nítorí náà ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ti lọ.

Irú fínọ́ọ̀lì náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Efinrin ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sábà máa ń kún fún thymol, fínọ́ọ̀lì tó ń fò lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Òórùn tó kún ilé nígbà tí wọ́n bá ń sá efinrin, tó ń dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, thymol tó ń kúrò nínú ewé ni. Nítorí náà ooru tó lé ní 40 kò yẹ efinrin, gígé e wẹ́wẹ́ kó tó gbẹ kò sì yẹ ẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n rosmarinic acid tó wà nínú efinrin kan náà kì í fò. Ẹni tó fẹ́ òórùn àti ẹni tó fẹ́ èkejì yóò sá ewé kan náà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti atalẹ̀ tilẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá. Gingerol ló wà nínú atalẹ̀ tútù. Bí wọ́n bá gbẹ ẹ́ tàbí tí wọ́n sè é pẹ́, omi á bọ́ lára gingerol, á di shogaol, shogaol sì ń ta ju gingerol lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìyá tó ní atalẹ̀ gbígbẹ mú ọ̀fun gbóná ju tútù lọ kò sọ àsọdùn. Ìyípadà ni gbígbẹ mú bá a, kì í ṣe òfò.

Àwọn ará Ṣáínà àti Japan ti fi ọgbọ́n yìí ṣe òwò láti ayébáyé. Igi kan ṣoṣo ni ewé tíì ti ń wá, yálà èyí tí wọ́n ń gbìn ní Kẹ́ńyà tàbí ti orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Bí wọ́n bá fi ooru omi gbígbóná nà án, tàbí tí wọ́n dín in nínú agbada kété tí wọ́n já a, ẹ́ńsáìmù á kú, ewé á wà ní tútù yọ̀: tíì aláwọ̀ ewé nìyẹn. Bí wọ́n bá rún un, tí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ẹ́ńsáìmù jẹ ẹ́ kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, ó di tíì dúdú. Ìdílé tó bá fẹ́ tọ́jú ewúro tàbí efinrin ní Warri lè fi ooru omi ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì nínú ajẹ̀rẹ̀ kó tó sá a. Ooru omi sàn ju rírì í sínú omi gbígbóná lọ, nítorí omi á fa fínọ́ọ̀lì jáde kó tó di pé ẹnikẹ́ni jàǹfààní rẹ̀.

Fífa èròjà jáde ni iṣẹ́ kejì, Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀ fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: wọ́n ń gbo ewé, wọ́n ń rẹ ẹ́, wọ́n ń sè é ní àgbo, wọ́n ń gún un ní àgúnmu, wọ́n sì ń jó o. Gbígbo ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì lójú ẹsẹ̀, ó sì ń tú ẹ́ńsáìmù sílẹ̀ pẹ̀lú. Omi ewé tí wọ́n gbo láàárọ̀ tó dúdú kó tó di ọ̀sán kò ní agbára ti àárọ̀ mọ́, kí wọ́n mu ún lójú ẹsẹ̀ ló dára. Àgúnmu kò fa ohunkóhun jáde, gbogbo ewé náà ni ènìyàn ń gbé mì, ikùn ni yóò fà á fúnra rẹ̀. Jíjó ní tirẹ̀ kò ṣẹ́ nǹkan kan kù nínú fínọ́ọ̀lì. Ẹ̀ẹ́dú àti iyọ̀ inú ilẹ̀ ló ń kù nínú ètù dúdú, ohunkóhun tí ètù bá ń ṣe, kì í ṣe nípasẹ̀ flavonoid.

Àpẹẹrẹ tó dára jù ni ewúro, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti dúró ti abọ́ ìfọwúro á mọ̀ pé omi àkọ́kọ́ máa ń ṣú, ó máa ń hó bí ọṣẹ, ó sì máa ń korò débi pé àtẹ́lẹwọ́ pàápàá á gbà nínú rẹ̀. Ní 1994, àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà àti Poland, G. O. Igile àti M. Fafunso lára wọn, tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí flavonoid inú ewé yìí. Luteolin ni wọ́n rí, àti luteolin méjì mìíràn tí ṣúgà so mọ́. Ṣúgà tó so mọ́ àwọn méjì yẹn ń mú kí wọ́n yọ́ sínú omi. Nítorí náà bí wọ́n ti ń fọ ìkorò lọ ni wọ́n ń fọ àwọn náà lọ, omi tí wọ́n sì dà sí gọ́tà ló gbé wọn lọ. Ẹni tó bá lè fara da ìkorò díẹ̀, kó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Sísè ń fa ohun púpọ̀ jáde lára èèpo igi àti egbò, nítorí ara wọn le, tannin wọn sì wà ní ìjìnlẹ̀. Ewé rírọ̀ kò nílò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, tí wọ́n dé, ti tó láti fa èyí tó pọ̀ jù. Ìyókù wákàtí tí àgbo fi ń hó lórí iná, ó ń jẹ́ kó ki ni, ó sì ń ba ohun tó ti jáde jẹ́. Iṣápá tí wọ́n fi ń ṣe zóbò ń fi èyí hàn kedere. Anthocyanin ló fún un ní àwọ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Zóbò tí wọ́n sè fún wákàtí kan máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ pupa rẹ̀, èyí tí wọ́n kàn da omi gbígbóná lé, tí wọ́n sì sẹ́, á máa dán. Bí omi bá jẹ́ lítà kan, kí wọ́n pín in sí méjì, kí wọ́n fi ìdajì fa ewé lẹ́ẹ̀kíní, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi ìdajì kejì fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí yóò jáde ju ti ìgbà tí wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ìwà omi náà ṣe pàtàkì. Fínọ́ọ̀lì fẹ́ràn omi kíkan, ó sì kórìíra eérú àti kánún. Kánún tí wọ́n fi ń sọ epo pupa di ìyeyè nínú ọbẹ̀ owo ní Warri, bí wọ́n bá sọ ọ́ sínú àgbo kí ó lè yọ́ kíákíá, yóò mú àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí nínú omi eléérú ni ọ́síjìn ti ń rí fínọ́ọ̀lì mú jù. Ní ìdàkejì, àwọn àgbà Yorùbá tí wọ́n ń fi omi ògì kíkan rẹ egbò àti èèpo igi ń ṣe ohun tí kẹ́mísìrì fara mọ́ pátápátá. Kíkan rẹ̀ ń tọ́jú flavonoid, ó sì ń dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́. Ìkòkò náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ irin tó ń ta ìpẹtà. Irin àti tannin bá pàdé, wọ́n á di dúdú bí yíǹkì. Yíǹkì tí wọ́n fi kọ ìwé ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é. Ìkòkò amọ̀ tàbí abọ́ tánganran ló yẹ àgbo.

Ọtí ni ọ̀rọ̀ tó kù, Warri sì ni ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́. Láti inú ẹmu ògùrọ̀ ni wọ́n ti ń pọn ògógóró ní agbègbè náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é ní omi Sapele ní èdè Pijin, nítorí ìlú tó wà nítòsí Warri. Ògógóró jẹ́ omi àti ethanol pọ̀. Agbára rẹ̀ sábà máa ń súnmọ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó ń yàtọ̀ láti ọwọ́ ẹni kan sí ti ẹlòmíràn. Fún ọ̀pọ̀ fínọ́ọ̀lì, àdàlù láàárín 50 sí 80 ló ń fà á jù. Omi nìkan kò tó, ethanol pọ́ńbélé kò sì tó: omi ló ń wú ewé tó sì ń ṣí i sílẹ̀, ethanol ló ń gbé èyí tí kò fẹ́ràn omi. Àwọn tó ń rẹ egbò sínú ògógóró tí ń bẹ nítòsí àdàlù yẹn kò kọ́ ọ ní iléèwé, ṣùgbọ́n ahọ́n àti ojú wọn ti sọ fún wọn pé ó fà ju omi lọ.

Orógbó fi èyí hàn. Kolaviron ni wọ́n ń pe àpapọ̀ flavonoid oníbejì tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá mọ̀ lẹ́yìn náà bí alága àjọ elétò ìdìbò, tẹ iṣẹ́ jáde ní 1985 lórí bí èròjà inú orógbó ṣe ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olatunde Farombi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí kolaviron. Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á kọ́kọ́ fọ òróró kúrò lára ìyẹ̀fun orógbó, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi acetone tàbí irú rẹ̀ fà á, nítorí kolaviron kò fẹ́ràn omi. Orógbó tí wọ́n rẹ sínú omi kò lè mú ohun tí orógbó inú ọtí mú jáde. Síbẹ̀ ọtí fúnra rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tó ń mu ife mẹ́rin lálẹ́ nítorí pé orógbó wà nínú rẹ̀ ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi èkejì wó o.

Methanol yàtọ̀ sí ethanol, ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ ti ikú àti ìyè. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí ewé ilẹ̀ wa ló ń ròyìn pé methanol ló fa fínọ́ọ̀lì tó pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú yàrá àyẹ̀wò wọ́n máa ń fẹ́ methanol náà dànù kí wọ́n tó lo ohun tó kù. Kì í ṣe ohun mímu. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn kan tí wọ́n mu ògógóró ṣú lójijì, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé àrùn àìmọ̀ ni, àyẹ̀wò ló wá fi hàn pé methanol ni. Láìpẹ́ irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Methanol ń hó ní 65, ethanol ní 78, èyí tó bá sì kọ́kọ́ kán jáde lẹ́nu ọ̀pá ìpọntí, dídà nù ló yẹ ẹ́.

Àwọn nọ́ńbà tí ń jáde láti yàrá àyẹ̀wò náà gba ìṣọ́ra. Ẹ̀rọ onígíláàsì tí Franz von Soxhlet ṣe ní Jámánì ní 1879, láti wọn ọ̀rá inú wàrà, ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ṣì fi ń fa ewé. Ó ń fà á tán, ṣùgbọ́n ó ń mú ohun tó fà hó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èyí tí kò lè fara da ooru á sì bàjẹ́. Òògùn tó ń di búlúù bí ó bá pàdé fínọ́ọ̀lì, tí Otto Folin àti Vintilă Ciocâlteu gbé jáde ní 1927, tí Singleton àti Rossi tún ṣe ní 1965 fún wáìnì, ni wọ́n fi ń ka àpapọ̀ fínọ́ọ̀lì. Ṣùgbọ́n Fítámì Sí àti àwọn ṣúgà kan pàápàá ń sọ ọ́ di búlúù. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún sínú àgbo lè gbé nọ́ńbà náà sókè láìfi fínọ́ọ̀lì púpọ̀ kún un.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ibi ìpamọ́ ni ọ̀pọ̀ ewé ń kú sí. Ewé tó gbẹ dáadáa, igi rẹ̀ á dún pẹ́kẹ́ bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ, kì í tẹ̀. Bí wọ́n bá fi ewé yẹn sílẹ̀ nínú àpò ṣíṣí ní Warri ní oṣù keje, yóò fa omi inú afẹ́fẹ́ padà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ igi rẹ̀ á máa tẹ̀, ẹ́ńsáìmù tí kò kú pátápátá á sì jí. Ìgò tó ní ìdérí líle, níbi òkùnkùn, ló yẹ ẹ́, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní odidi títí di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò ó, nítorí ìyẹ̀fun ń fara kan afẹ́fẹ́ ju ewé lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan wà fún àwọn alágbo àti lẹ́kulẹ́ja, ní Warri àti ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta egbòogi: ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sára ìgò, ọjọ́ tí ẹ já ewé náà, ọ̀nà tí ẹ gbà gbẹ ẹ́, àti bóyá omi tàbí ọtí lẹ fi fà á.